Nígbà Tí Mo Ṣe Àkójọ Orin Yèyé Mọrẹ́nikẹ́

Àpò ńlá onílà búlúù àti pupa ni obìnrin náà gbé wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó sì rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Aṣọ ni mo pè é. Télọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì máa ń ṣi ilẹ̀kùn wa mú. Inú máa ń bí mi sí i, nítorí iṣẹ́ tèmi kò fẹ́ kí ilẹ̀kùn máa dún gbàgà. Kí n tó la ẹnu, ó ti fa síìpù àpò náà. Àwo orin ló kún inú rẹ̀, àwo ńláńlá ayé àtijọ́ nínú páálí wọn, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi rọ́bà dì pọ̀.

"Gbogbo orin tí màmá mi kọ láyé wọn rèé," ó ní. "Mo fẹ́ kí ẹ bá mi fọ̀ wọ́n, kí ẹ sì kó àwọn tó dára jù jọ sójú kan."

Mo bi í pé ta ni màmá náà. Ó dárúkọ Yèyé Mọrẹ́nikẹ́ ará Oǹdó, mo sì ti dìde lórí àga kí n tó mọ̀ pé mo dìde.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi dìde. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ta abọ́ ní Ọjà Ọba, abọ́ náà ló sì fẹ́ kí èmi náà tà. Ṣùgbọ́n òdìkejì ìsọ̀ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá Dáre wà, ọmọ Àkúrẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa da orin sínú kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà yẹn, kì í ṣe gbogbo ilé ló ní ẹ̀rọ tó ń lu àwo. Bí o bá fẹ́ orin, wàá mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo wá, wàá ka àwọn orin tó wù ọ́, Bọ̀ọ̀dá Dáre á sì dà wọ́n sínú rẹ̀ fún ọ bí ẹni da epo sínú ìgò. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni ibẹ̀ ń dún. Bí wọ́n bá rán mi ní abọ́, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, àwọn abọ́ náà á máa wò mí.

Bàbá mi ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ó ní ọmọ tó jókòó tó ń gbọ́ orin látàárọ̀ dalẹ́, ṣé iṣẹ́ nìyẹn ni àbí àìsàn? Ìyá mi ló bá mi bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà pé kí n lọ kọ́ àìsàn náà.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Dáre kọ́ mi ni pé kí n dijú. Mo rò pé a fẹ́ gbàdúrà ni. Ó ní, "Uṣẹ́ etí nuṣẹ́ yí. Ojú á tàn ọ́." Ó lu àwo kan, ó ní kí n sọ iye èèyàn tó ń kọrin. Mo ní méjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un lù. Kí oṣù náà tó parí, mo ti lè yọ ohùn kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ẹni tó sún mọ́ gbohùngbohùn àti ẹni tó dúró sẹ́yìn, ẹni tí òtútù ń mú àti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń kọrin. Ẹ̀rín máa ń hàn nínú ohùn. Ẹni bá fẹ́ lè jiyàn.

A rí onírúurú oníbàárà. Obìnrin kan fọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó sì mú un wá pẹ̀lú omijé. A fa okùn inú rẹ̀ jáde, a sá a sórí wáyà láti ìsọ̀ wa dé ìsọ̀ bàbá mi, orin ìgbéyàwó wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn tó ń kọjá sì ń tẹrí ba kọjá lábẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ kan náà wà tó ní kí a bá òun yọ ìlù kúrò nínú orin kí òun lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀. A ní kò ṣeé ṣe. Ó ní ṣebí àwọn èèyàn ń yọ eegun kúrò nínú ẹja. Lónìí, kọ̀ǹpútà lè yọ ọ́ kí awakọ̀ náà tó mu omi tán. Ká ní ó ṣì wà láyé ni, màá yọ ọ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n orin Yèyé Mọrẹ́nikẹ́ la máa ń dà jù, àgàgà lásìkò kòkó, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ láti Bọ́lọ́rundúró àti agbègbè rẹ̀ bá wọ ìgboro. Orin àwọn obìnrin ilé rẹ̀ ló ń kọ: orin obìtun tí wọ́n fi ń mú ọmọge jáde, orin ìrẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, orin tí wọ́n ń kọ bí wọ́n bá ń tú kòkó lórí ẹní. N kò rí i sójú rí. Àwòrán ẹ̀yìn páálí ni mo mọ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé. Inú orin rẹ̀ ni mo ti kọ́ èdè Oǹdó. Títí dòní, bí mo bá sọ ọ́, àwọn Oǹdó á máa fi mí rẹ́rìn-ín pé bí ìyá àgbà ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde.

Ọmọ rẹ̀ tó gbé àpò wá yìí, Tíṣà ni gbogbo ará Ijapo Estate ní Àkúrẹ́ ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà wọn. Ó jókòó ṣánṣán, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe àpèkọ. Ó ṣàlàyé pé etí ń dí mọ́ ìyá òun. Ọ̀tún ti lọ, òsì ń tẹ̀lé e, dókítà sì ti sọ pé kò ní í pẹ́ mọ́.

"Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin kí ó tó dí pátápátá," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó mi."

Mo ní iṣẹ́ náà á ṣeé ṣe. N kò sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí.

Bí a bá ní a fọ orin, ohun tí à ń ṣe ni pé a ó lu àwo wọ inú kọ̀ǹpútà, a ó wá máa ṣa ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Àwo àtijọ́ máa ń ta pàràpàrà bí ìgbà tí wọ́n bá ń din àkàrà. Ọ̀dọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ á fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá fọ̀ ọ́ jù, wàá fọ èèyàn inú rẹ̀ dànù. Mímí tó mí kí ó tó dá orin, bàtà tó dún lórí pákó, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń pè ní ìdọ̀tí. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ jókòó tì í kí ó sọ pé, rárá o, fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo jókòó tì í. Àsìkò òjò ni. Bó bá ti di ọ̀sán, mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mo máa ń pa fáànù, nítorí fáànù náà ń kọrin tirẹ̀. Màá fi ẹ̀rọ bo etí, màá dijú bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Òjò á máa rọ̀ sórí páànù, n kò ní í gbọ́ ọ. Ohun tí mo ń gbọ́ ni ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, tí ohùn rẹ̀ mọ́ tí ó sì ń gbọ̀n díẹ̀, tó ń kọrin fún àwọn ọmọge obìtun bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ń mú jáde. Ní àwo kejì, ẹ̀rù ti kúrò nínú ohùn náà. Ní àwo kẹrin, mo gbọ́ pé ó lóyún. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Èémí rẹ̀ kò gùn mọ́, ó sì ń já orin sí kéékèèké. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, ó ń kọ orin ìrẹ̀mọ́. Mo rò ó pé Tíṣà ni yóò jẹ́.

Nígbà mìíràn, n kì í mọ̀ bóyá mo ti sùn. Obìnrin kan ń dàgbà nínú orí mi láàárín ọ̀sán kan ṣoṣo. Ohùn rẹ̀ ń wúwo, ó ń rọ̀, ó ń gbó bí igi ilẹ̀kùn tí ọwọ́ ti dán. Bí mo bá yọ ẹ̀rọ létí, tí mo rí télọ̀ tó ń lọ aṣọ lójú fèrèsé, ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọjọ́ òní la wà.

Ohun méjì ni mo ṣàkíyèsí. Èkíní ni pé Yèyé Mọrẹ́nikẹ́ kò parí orin kankan fúnra rẹ̀ rí. Òun ló ń dá a, àwọn elégbè sì ń gbè é, ṣùgbọ́n bí orin bá fẹ́ tán, á dákẹ́, á jẹ́ kí àwọn elégbè kó o délẹ̀. Bó ṣe rí nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Mo pè é ní àṣà olórin, mo sì gbé e kúrò lọ́kàn.

Èkejì kò ṣeé gbé kúrò lọ́kàn. Àwọn elégbè náà ń dín kù. Nínú àwo àkọ́kọ́, wọ́n pọ̀ débi pé n kò lè yọ gbogbo wọn tán. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó máa ń yá ju àwọn yòókù lọ, ó máa ń kó wọ inú ègbè kí Yèyé tó dákẹ́ tán. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó yá, ohùn tó nípọn tó máa ń wà nísàlẹ̀ kò sí mọ́. Nínú kásẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé e, méjì tún lọ. Ó wá ku mẹ́ta, ó ku méjì, ó wá ku obìnrin ayára yẹn nìkan, tó ti darúgbó, tí kò yára mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí kásẹ́ẹ̀tì kankan mọ́ nínú àpò. Mo sunkún díẹ̀, mo sì sọ fún télọ̀ pé àlùbọ́sà ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àlùbọ́sà nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Nígbà tí Tíṣà padà wá, ó mú fóònù rẹ̀ jáde. Ó ní ó ku ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan ní Oǹdó, ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láìmọ̀ pé fóònù ń gbà á sílẹ̀. Mo ti mọ orin náà, ó wà nínú àwo kẹta. Orin ọ̀nà oko ni. Àwọn obìnrin tó ń ti oko Bọ́lọ́rundúró bọ̀ nírọ̀lẹ́ máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ lójú ọ̀nà tóóró, ẹrù lórí, igbó sì ti ṣú débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí ẹni tó wà níwájú. Ẹni ẹ̀yìn á wá pè é lórin pé, "Ta ló wà níwájú?" Àwọn ti iwájú á dáhùn pé, "Àwa ni o, máa bọ̀."

Mo ti gbọ́ orin yìí lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọge. Ti ẹ̀yìnkùlé yìí kò ní ìlù, kò ní ègbè, adìyẹ ń ké nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló dára jù nínú gbogbo ohun tó wà nínú àpò náà. Ohùn náà ti wó lulẹ̀, ohun tó kù lórí ilẹ̀ sì jẹ́ òtítọ́. Ó pè é pé, "Ta ló wà níwájú?" Ibẹ̀ ló ti dákẹ́. Ó wá sọ wẹ́rẹ́ pé, "Orin éè tán," ìyẹn ni pé orin kò tán, fóònù sì kú.

Tíṣà ní èyí gan-an ni òun fẹ́ kí a fi parí àkójọ náà.

Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Mo ronú pé kí ni orin tí kò tán ṣe nínú iṣẹ́ tó fẹ́ dán? Mo lọ sínú àwo kẹta, mo gé ègbè àtijọ́ jáde, mo yọ ìlù kúrò lára rẹ̀, mo fa ohùn náà wálẹ̀ kí ó bá ti màmá mu, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí orin ẹ̀yìnkùlé. Ìyá arúgbó pè, gbogbo wọn sì dá a lóhùn, obìnrin ayára yẹn ló kọ́kọ́ dé. Kò sí ẹni tó lè mọ ojú ibi tí mo ti rán an. Mo rò ó pé ká ní Bọ̀ọ̀dá Dáre gbọ́ èyí, á fi mí yangàn.

Èmi àti Tíṣà wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Yèyé ń dúró dè wá ní pálọ̀, ó kéré ju ti ẹ̀yìn páálí lọ, ó sì di ọwọ́ sẹ́yìn bákan náà. Ó béèrè pé níbo ni mo ti wá. Mo fi èdè Oǹdó mi dáhùn. Ó wò mí títí, ó ní, "Ta ni ìyá àgbà tó kọ́ ọ?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni." Ó rẹ́rìn-ín títí tí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀.

Ó sún àga mọ́ sípíkà tí mo gbé kalẹ̀, ó kọ etí òsì sí i, ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sára àpótí sípíkà náà. Ó ní bí òun ṣe ń gbọ́ nǹkan nìyẹn báyìí, etí ń mú díẹ̀, ọwọ́ ń mú ìyókù. Odindi ọ̀sán ló fi gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, á pe orúkọ kan. Bí obìnrin ayára bá ti kó wọlé, á ní, "Adétutù, sùúrù." Nígbà tí orin ìrẹ̀mọ́ dé, ó na ọwọ́ kejì, ó fi tọ́ Tíṣà lórúnkún. Tíṣà wo fèrèsé. Inú mi dùn débi pé n kò mọ̀ bí ebi ń pa mí.

A wá dé orin ìkẹyìn. Ó gbọ́ ara rẹ̀, ó gbọ́ adìyẹ rẹ̀, ó mi orí. Ó pè nínú sípíkà pé, "Ta ló wà níwájú?" Ohùn gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Àwa ni o, máa bọ̀."

Yèyé gbé ọwọ́ kúrò lára àpótí náà bí ìgbà tó gbóná.

"Ta ló pè wọ́n?" ó ní.

Ìgbà náà ni mo tó gbọ́ ohun tí mo ṣe. Tíṣà ti sọ fún mi pé gbogbo àwọn obìnrin yẹn ti kú, Adétutù ló sì kú kẹ́yìn. Arúgbó kan sì jókòó sílé rẹ̀, ó béèrè ẹni tó wà níwájú, mo sì jẹ́ kí òkú dáhùn pé kí ó máa bọ̀. Ọmọ kékeré nílẹ̀ yìí mọ̀ pé bí òkú bá pe èèyàn, a kì í jẹ́. Èmi tí mo ní etí, n kò gbọ́ ọ.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, inú kò bí òun. Ó ní, "Wọ́n ṣì ń gbè dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọge ni wọ́n ń dá lóhùn, kì í ṣe èmi. Yọ wọ́n kúrò, kí wọ́n sinmi."

Mo bi í bóyá kí n wá fi orin náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó parí sí ibi tó ti dákẹ́. Ó ní rárá. Ó wá ṣàlàyé ohun tí mo ti pè ní àṣà olórin. Lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ ọ lórin, ẹni tó dá orin kì í parí rẹ̀. Ẹni tó parí orin ara rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni pẹ̀lú òun. Bí kò bá sí alààyè tí yóò gbè é, kí a yọ orin náà dànù nínú àkójọ, ìyókù ti tó.

Nínú ọkọ̀ tí a bá padà, nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Àkúrẹ́, Tíṣà yíjú sí mi. Ó wá sọ fún mi pé òun ni ìyá òun kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe elégbè. Nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ó máa ń gbé òun ka ẹsẹ̀, á dá orin, á dúró de òun. Ṣùgbọ́n ilé ìwé bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń na ẹni bá sọ èdè ilé. Ojú ń ti òun bí àwọn ẹgbẹ́ òun bá gbọ́ ìyá òun nínú rédíò. Òun lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, òun di akọrin ìjọ, ìyá òun kò sì béèrè mọ́.

"Mo mọ gbogbo orin yẹn," ó ní. "N kò la ẹnu sí ọ̀kan rí."

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ó kó àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta láti inú ẹgbẹ́ akọrin wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n sì kọ ègbè náà, ó mọ́ tónítóní, ó dùn bí orin ìsìn ọjọ́ Àjíǹde. A fi ránṣẹ́ sí Oǹdó. Yèyé ní wọ́n kọ ọ́ dáadáa, ta ni wọ́n ń dá lóhùn? Mo ti ń múra láti yọ orin náà nígbà tí Yèyé ránṣẹ́ sí mi pé kí n gbé ẹ̀rọ mi wá, òun á tún un dá lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀yìnkùlé náà la jókòó sí. Òjò ti dá, ilẹ̀ ṣì tutù, òórùn kòkó tí wọ́n ń sá sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò ń fẹ́ wá. Wọ́n gbé abọ́ ẹ̀gúsí sáàárín, Tíṣà jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń bá a ṣẹ́ ẹ. Mo gbé gbohùngbohùn kalẹ̀, mo fi ẹ̀rọ bo etí, mo dijú. Etí òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán lọ́jọ́ náà. A ní láti fọwọ́ kàn án kí ó tó mọ̀ pé a ti ṣetán.

Ó dá a. Ó kọrin ọ̀nà oko náà bó ṣe máa ń kọ ọ́, ó dúró síbi tí ègbè yẹ kó wọlé, ìdákẹ́jẹ́ dáhùn, ó tẹ̀ síwájú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé ìdí orin. Mo ti ń retí, "Ta ló wà níwájú?" Kò pè é bẹ́ẹ̀. Ó yí i padà.

"Ta ló wà lẹ́yìn?"

N kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí nínú gbogbo àwo àti kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo la ojú. Yèyé ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn Tíṣà, láàárín èjìká méjèèjì, bó ṣe tẹ́ ẹ sára sípíkà. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ń dúró.

Ọwọ́ Tíṣà ti dúró nínú ẹ̀gúsí. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ó ń wọlé, kò jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run nínú mi, èmi tí mo wá ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ mi. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá jáde, ohùn tí kò jọ ti akọrin ìjọ rárá, tó wúwo, tó há díẹ̀, èdè Oǹdó pọ́nńbélé ló sì fi dáhùn. Ohùn Yèyé inú àwo kẹrin ni, ohùn aboyún yẹn gan-an. Ó ní, "Èmi ni o, mo ń bọ̀."

Yèyé kò gbọ́ ọ. Ó dá mi lójú pé etí yẹn kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ohùn náà ṣe ń gbọ̀n lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ ni ó ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó rántí. Ó pa ẹnu náà dé, ó sì fi ọwọ́ kejì bò ó, kí ó má baà jẹ́ òun ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí orin ara rẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ nínú iṣẹ́ yìí, ọjọ́ yẹn ni mo lò ó: n kò pa ẹ̀rọ. Mo jẹ́ kí ó máa yí. Adìyẹ ké, ẹ̀gúsí já bọ́ sínú abọ́, àwọn méjèèjì ń mí.

Àkójọ náà ti jáde báyìí. Wọ́n ń lù ú ní Oǹdó, wọ́n ń lù ú lórí ọ̀kadà lọ́nà Bọ́lọ́rundúró, àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun sì ń ránṣẹ́ béèrè rẹ̀. Etí Yèyé ti dí pátápátá. Tíṣà ń lọ bá a lópin ọ̀sẹ̀, á gbé sípíkà kalẹ̀, ìyá á tẹ́ ọwọ́ kan sára rẹ̀, á tẹ́ ìkejì sí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀.

Àwọn oníbàárà máa ń padà wá bá mi. Wọ́n ní orin ìkẹyìn ti tán, ṣùgbọ́n kò dúró, ó kàn ń dákẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, èémí nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n á bi mí bóyá ó bàjẹ́, bóyá kí n bá wọn gé e kúrò.

Mo máa ń sọ fún wọn pé kò bàjẹ́. Ẹni tó ni orin ló ń dákẹ́ níbẹ̀.